Òjò Kì í Kọ Ebè: Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ènìyàn Lọ́jọ́ Ìṣòro

  Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n gbé ẹrù wúwo wá síbí, tí wọ́n wọ aṣọ tó mọ́ lé e lórí, tí ẹni tó jókòó tì wọ́n kò sì fura. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Gbólóhùn kan wà tí kò wọ́n lẹ́nu wa: "Ọlọ́run ní ètò fún ayé mi." A ń kọ ọ́ sára ọkọ̀ akérò, a ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìpè ìgbéyàwó, a sì ń fi í ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp láàárọ̀ kùtùkùtù. Òótọ́ ni gbólóhùn náà, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ tí dókítà bá sọ ohun tí a kò fẹ́ gbọ́, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, tí ọmọ tí à ń retí kò dé, tí ẹni tí a fi ṣe alábàárò bá dákẹ́, kí ni ètò Ọlọ́run ń fẹ́ kí ọwọ́ wa máa ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sóko díẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ pé òun kò lè rọ òjò. Síbẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu kì í jókòó sílé títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé kó tó wá ọkọ́. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣì gbẹ, ó ti kọ ebè, ó ti ri èèbù mọ́lẹ̀, ó ti fi koríko bo orí ebè kí oòrùn má baà jó ohun tó gbìn. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. Bí òjò bá rọ̀ sórí oko tí ẹnikẹ́ni kò kọ, igbó ni yóò hù níbẹ̀. Àgbẹ̀ kò lè rọ òjò, òjò náà kì í sì í kọ ebè. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju èyí lọ: ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run lójú ìṣòro ni ẹni tó ń kọ ebè nígbà tí òjò kò tíì ṣú.

Lẹ́tà tó dé Bábílónì

Ẹ jẹ́ ká wá orísun gbólóhùn tí a fẹ́ràn yẹn lọ. Inú ìwé Jeremáyà ló wà, orí 29, ẹsẹ 11, níbi tí Olúwa ti fi dá àwọn ènìyàn rẹ̀ lójú pé rere ni òun ń rò sí wọn àti pé ìrètí wà fún wọn. Ọ̀pọ̀ wa mọ ẹsẹ náà sórí. Àwọn tó mọ̀ pé inú lẹ́tà ló wà, àti irú àwọn ènìyàn tí wọ́n kọ lẹ́tà náà sí, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi, Nebukadinésárì ọba Bábílónì kó ọba Júdà àti ìyá rẹ̀ nígbèkùn, pẹ̀lú àwọn ìjòyè, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn alágbẹ̀dẹ. Wọ́n fi ilé, oko àti tẹ́ńpìlì sílẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí ni Jeremáyà kọ̀wé sí láti Jérúsálẹ́mù. Láàárín àkókò kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ń jà ràn-ìn ní Jérúsálẹ́mù. Wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà dìde nínú tẹ́ńpìlì lójú gbogbo ènìyàn, ó bọ́ àjàgà igi tó wà lọ́rùn Jeremáyà, ó ṣẹ́ ẹ, ó sì kéde pé kí ọdún méjì tó pé, gbogbo ohun tí wọ́n kó lọ yóò padà wálé.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa: bí àwa bá wà nígbèkùn, èwo nínú wòlíì méjèèjì ni a máa pè wá ṣe ìsọjí fún wa? Ọ̀rọ̀ Hananáyà dùn, ó yá, ó sì ní déètì. Lẹ́tà Jeremáyà ní tirẹ̀ sọ pé àádọ́rin ọdún ni. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n sì máa gbé inú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá ọgbà, kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n sì fi ọmọ fún ọkọ. Èyí tó nira jù lọ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tó kó wọn lẹ́rú, nítorí inú àlàáfíà ìlú náà ni tiwọn wà. Gbogbo èyí wà ní ẹsẹ 4 sí 7. Ẹsẹ 10 ló ka àádọ́rin ọdún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹsẹ 11, èyí tí a ń tẹ̀ sára káàdì, wá dé. A já ẹsẹ kan gbà nínú lẹ́tà náà, a sì fi ọkọ́ tó bá a wá sílẹ̀.

Àwọn tó gba lẹ́tà náà kò fò fún ayọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Ṣemaáyà, kọ̀wé padà sí Jérúsálẹ́mù pé kí wọ́n fi Jeremáyà sínú àbà nítorí ó ní ìgbèkùn yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣe ohun tí lẹ́tà náà wí. Àwọn ènìyàn ìgbà tiwa ti rí àwọn wàláà amọ̀ nílẹ̀ Ìráàkì òde òní, èyí tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kẹfà àti ìkarùn-ún ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn wàláà náà ń sọ nípa ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní ìlú Júdà, ní agbègbè Bábílónì. Ohun tó wà lára wọn kò ju ìwé àdéhùn oko, owó orí àti gbèsè lọ. Àwọn ọmọ Júdà yá ilẹ̀ ro, wọ́n kórè ọkà bálì, wọ́n san ohun tó yẹ kí wọ́n san, wọ́n sì ń sọ ọmọ wọn ní orúkọ tí orúkọ Olúwa wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Kírúsì ọba Páṣíà ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 538 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn tó lè dìde padà sílé wà, nítorí pé bàbá àgbà wọn kò jókòó sórí ẹrù dídì títí ikú fi dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ara mi kún un. Ọdún kan wà tí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní nígbà náà, àbíkẹ́yìn kò tíì rìn. Ẹnì kan ríran sí mi pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n á pè mí padà. Mo gbà á gbọ́ débi pé n kò wá iṣẹ́ kankan. Mo ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi láràárọ̀, mo sì ń fetí sí fóònù. Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di ọdún kan. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, ẹni tó ń ta ẹ̀kọ tútù, wá kí wa lọ́jọ́ kan. Kò bá mi jiyàn ìran. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, bí o ti ń retí yẹn, ọmọ-ọmọ mi méjì ń ṣe ìdánwò lọ́dún yìí, ìṣirò sì ń dà wọ́n láàmú. Ṣé o ò lè máa kọ́ wọn nírọ̀lẹ́?" Ojú tì mí láti kọ̀. Ọmọ méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di yàrá kan tó kún. Fóònù tí mo ń retí kò dún títí dòní. Ṣùgbọ́n láti inú yàrá yẹn ni Ọlọ́run ti bọ́ ilé mi, ibẹ̀ sì ni mo ti rí iṣẹ́ tí mo fi di olùkọ́ tí ẹ mọ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó ka orí 29 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì rí i pé ìyá ẹlẹ́kọ ló mú lẹ́tà Jeremáyà wá fún mi.

Ọkọ̀ tí ìlérí wà nínú rẹ̀

Ẹnì kan lè bi mí pé: bí Ọlọ́run bá ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe, kí ni ọwọ́ ènìyàn tún wá síbẹ̀ ṣe? Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 dá wa lóhùn ju bí ọgbọ́n èmi lè ṣe lọ.

Ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù nígbà náà, lábẹ́ ìṣọ́ balógun ọ̀rún kan tó ń jẹ́ Júlíúsì, nínú ọkọ̀ ojú omi tó kó ọkà lọ sí Ítálì. Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣí kúrò ní èbúté Kírétè nígbà tí àkókò ìjì ti wọlé. Wọ́n gbọ́ ti atukọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀, wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ìjì sì dé. Ọjọ́ pọ̀ tí wọn kò rí oòrùn, tí wọn kò rí ìràwọ̀. Wọ́n da ẹrù sómi, wọ́n da ohun èlò ọkọ̀ sómi, ìrètí sì tán. Àárín òru ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni áńgẹ́lì Ọlọ́run dúró ti Pọ́ọ̀lù, ó sì fi dá a lójú pé kò ní í sí ẹni tí yóò kú nínú wọn, ọkọ̀ nìkan ni yóò ṣòfò.

Ìlérí tó dájú nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ kẹrìnlá. Àwọn atukọ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níwájú ọkọ̀, wọ́n sì ń sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ kí wọ́n lè sá lọ. Pọ́ọ̀lù, ẹni tí áńgẹ́lì bá sọ̀rọ̀, lọ bá balógun ọ̀rún, ó sì sọ fún un gbangba pé bí àwọn atukọ̀ yẹn kò bá dúró, kò sí ìyè fún àwọn tó kù. Àwọn ọmọ ogun gé okùn, ọkọ̀ kékeré sì bá omi lọ.

Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ṣé Pọ́ọ̀lù ń ṣiyèméjì ni? Rárá o. Ó gba ìlérí gbọ́ débi tó fi mọ̀ pé àwọn tó mọ ọkọ̀ ọ́ tù wà lára ọ̀nà tí ìlérí yóò gbà ṣẹ. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ó rọ gbogbo wọn kí wọ́n jẹun, nítorí ẹni tí ebi ti pa fún ọ̀sẹ̀ méjì kò lè lúwẹ̀ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ mú búrẹ́dì, ó dúpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Wọ́n da ọkà tó kù sókun kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ fọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ wẹ̀ lọ sí èbúté, àwọn yòókù di pátákó àti ìfọ́kù ọkọ̀ mú. Gbogbo wọn, 276 ènìyàn, ló gúnlẹ̀ láàyè sí erékùṣù tí à ń pè ní Málítà lónìí.

Ìlérí Ọlọ́run ṣẹ láìyẹ̀. Ọwọ́ tó gé okùn wà nínú rẹ̀, búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, apá tó lúwẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, pátákó náà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí Pọ́ọ̀lù sì kọ́kọ́ ṣe lórí erékùṣù náà ni pé ó ṣa igi ìdáná jọ, nítorí òjò ń rọ̀, òtútù sì ń mú àwọn ènìyàn. Ẹni tí áńgẹ́lì bá sọ̀rọ̀ lóru kò tóbi ju ẹni tí í ṣa igi lọ láàárọ̀.

Àjàyí ní Àgbádárìgì

Ọmọ ilé wa kan wà tí kò yẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ irú èyí kọjá láìdárúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1821, ogun jó ìlú Òṣoògùn, wọ́n sì kó Àjàyí lẹ́rú, ọmọdékùnrin tí kò ju nǹkan bí ọdún méjìlá lọ. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí wọ́n fi gbé e dé Èkó fún àwọn Potogí. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún 1837 pé ìbànújẹ́ náà wúwo débi tí òun fi gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun. Mo sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ẹni tí a ń pè ní bàbá ìgbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá mọ ibi tí òkùnkùn jìn dé. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wà níbẹ̀ lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ẹnì kan kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí. Wíwà níbẹ̀ kò sọ yín di aláìnígbàgbọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú inú ọkọ̀ Potogí náà sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà. Ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní 1827, ó sì gba oyè àlùfáà ní London ní 1843.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí ni ọdún 1845. Ní oṣù kìíní ọdún náà, Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, níbi tí Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, ti ṣèlérí pé òun yóò gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ìròyìn tó pàdé wọn ni pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun sì dí ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n gbójú lé kò sí mọ́, ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà kò ṣeé gbà. Ó tó oṣù méjìdínlógún kí wọ́n tó lè lọ.

Kí ni wọ́n fi oṣù méjìdínlógún náà ṣe? Wọ́n kọ́ ilé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tí àwọn àlejò ń lọ wò ní Àgbádárìgì títí dòní, ọdún 1845 yẹn ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n ń wàásù fún àwọn tí kò sí nínú ètò tí wọ́n bá kúrò ní Sàró. Àjàyí, tó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London ní 1843, sì ń bá iṣẹ́ èdè náà lọ. N kò mọ ìtumọ̀ tó dára ju èyí lọ fún lẹ́tà Jeremáyà: àwọn ẹni tí ọ̀nà dí mọ́, tí wọ́n kọ́ ilé, tí wọ́n sì wá ire ìlú tí wọn kò yàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ọ̀nà là, Àjàyí àti Townsend sì wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, obìnrin kan wá wá Àjàyí. Ìyá rẹ̀ ni, Àfàlá, ẹni tí ogun Òṣoògùn ti yà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ní ọdún 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi ní Abẹ́òkúta, ó sì gba orúkọ Hannah, ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, nítorí Samuel ni orúkọ ìrìbọmi ọmọ rẹ̀.

Ohun tí kò yẹ ká fi kọ́ Ọlọ́run lọ́rùn

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ yìí gbọnin gbọnin, nítorí ibẹ̀ ni a ti máa ń ṣìnà. Ọlọ́run kọ́ ló jó Òṣoògùn. Àwọn jagunjagun ló jó o, àwọn oníṣòwò ẹrú ló sì jèrè rẹ̀. Nígbà tí Jósẹ́fù bá àwọn arákùnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Íjíbítì, kò sọ pé kò sí ibi nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ó pe ibi ní ibi lójú wọn, ó sì wá sọ pé Ọlọ́run fi í ṣe ire. Ọ̀rọ̀ méjì ni, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé ọ̀kan jù nù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n kó lẹ́rú pẹ̀lú Àjàyí kò rí ìyá wọn mọ́ láéláé. Ẹni tó bá sọ fún ọlọ́fọ̀ pé ètò Ọlọ́run ni ikú ọmọ rẹ̀ ti sọ ohun tí Ọlọ́run kò rán an.

Bákan náà ni kò yẹ ká máa wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tó ń jìyà lọ́rùn. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù bá a jókòó fún ọjọ́ méje láìfọhùn, ohun tó dára jù lọ tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu láti ṣàlàyé ni wọ́n bà á jẹ́, Ọlọ́run sì bá wọn wí ní ìgbẹ̀yìn. Nínú Ìhìn Rere Jòhánù orí 9, nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń bi Jésù ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, Jésù kò gba ìbéèrè náà. Ó po ẹrẹ̀, ó fi pa ojú ọkùnrin náà, ó sì ní kó lọ wẹ̀ nínú adágún Sílóámù. Ọkùnrin náà ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ kò tíì là.

Ẹkún pẹ̀lú kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Jésù fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọgbà Gẹtisémánì pé kí ago náà ré òun kọjá. Ó béèrè ohun tó fẹ́ láìfi bò, kó tó fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìfẹ́ Baba. Ẹni tó bá ní kí a má sunkún kí á lè fi hàn pé a gbàgbọ́ ń béèrè lọ́wọ́ wa ohun tí Olúwa wa kò ṣe.

Báwo la ṣe ń kọ ebè?

Àwọn kan yóò ní, "Olùkọ́, a gbọ́. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa mọ ètò Ọlọ́run fún wa?" Ìwé Diutarónómì orí 29 ya ohun méjì sọ́tọ̀: ohun ìkọ̀kọ̀ jẹ́ ti Olúwa, ohun tó fi hàn jẹ́ tiwa kí á máa ṣe é. Àwọn ìgbèkùn kò mọ orúkọ Kírúsì. Àjàyí kò mọ̀ ní Àgbádárìgì pé ìyá òun ṣì wà láàyè. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ṣe é.

Nítorí náà, ìwọ tí ara rẹ kò yá, gbàdúrà kíkankíkan, kí o sì lo oògùn tí wọ́n kọ fún ọ dé òpin. Ìgbàgbọ́ àti ilé ìwòsàn kì í ṣe orogún. Ìwọ tí o ń retí ọmọ, má ṣe fi ayé rẹ kọ́ sórí ìṣó títí ọmọ yóò fi dé. Ìgbéyàwó rẹ ti pé ìgbéyàwó lónìí. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní London àti ní Houston, tí ẹ ń retí ìwé ìgbélùú, tí ẹ ń sọ pé ìgbà tí ìwé bá dé ni ayé yóò bẹ̀rẹ̀: ẹ wá ire àdúgbò tí ẹ wà, ẹ mọ orúkọ aládùúgbò yín, ẹ gbàdúrà fún ìlú náà. Àwọn tí lẹ́tà yẹn kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn, àlejò bíi tiyín ni wọ́n.

Ìwọ tí ìṣòro kò sì sí nílé rẹ lásìkò yìí, tìrẹ ni láti jẹ́ ìyá ẹlẹ́kọ fún ẹlòmíràn. Má kàn sọ fún un pé yóò dára. Fún un ní iṣẹ́ kékeré tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbé, kí o sì jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣe é.

Ẹni tó kọ ebè tí kò jẹ iṣu

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ẹni tó bá kọ ebè ni yóò jẹ nínú iṣu rẹ̀. Àádọ́rin ọdún pọ̀ lójú ẹni tó ti pé ogójì ọdún nígbà tí lẹ́tà dé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dá ọgbà ní Bábílónì ni wọ́n sin síbẹ̀. Ìwé Hébérù orí 11 kò fi pamọ́ pé àwọn kan kú nínú ìgbàgbọ́ láìtíì rí ohun tí a ṣèlérí gbà; òkèèrè ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì kí i láti ibẹ̀.

Àjàyí pẹ̀lú mọ èyí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ oyè náà. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run sí etí odò Ọya. Ní ọdún 1890, nígbà tó ti di arúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú iṣẹ́ náà ká mọ́ ọn lójú, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tàbùkù rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Kò rí ọjọ́ tí wọ́n dá a láre.

Ṣùgbọ́n ebè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè tú. Ní 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Àjàyí àti àwọn tó bá a ṣe é ti ń ṣe bọ̀ láti ìgbà tí ọ̀nà kò tíì là. Bí a bá délé lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé Jeremáyà orí 29, ká kà á láti ẹsẹ kìíní, ká má sáré lọ sí ìkọkànlá. Ẹnì kan tí wọ́n tà ní ọmọdé, tí ọ̀nà dí mọ́ ní Àgbádárìgì, tó sì jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, ló wà lára àwọn tó jẹ́ kí a lè kà á ní èdè ìyá wa. Òjò tó ń rọ̀ sí wa lára lónìí, orí ebè tirẹ̀ ló ń rọ̀ sí.

Kí Olúwa fún ọwọ́ wa lókun.